Ọmọ Mélòó Ni Ẹ Ní?

 

Ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kéwú lọ́dọ̀ wa máa ń wá bá wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ pé kí a bá wọn ṣe àdúà kí wọ́n lè rí ilé. Òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó ni, òmíràn sì rí iṣẹ́ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. A máa ń ṣe àdúà náà fún wọn. Bí wọ́n bá ti ṣe àmín tán, a ó wá bi wọ́n pé, "Kí ni ẹ sọ fún onílé nígbà tí ó bi yín léèrè ọ̀rọ̀?" Púpọ̀ nínú wọn a máa wo ilẹ̀. Àwa náà ti wo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ara wa láìfi ọ̀kan bò.

Ìlọrin ni a ti dàgbà, ní àdúgbò Pákátà, nínú agbolé tí bàbá bàbá wa kọ́. Inú agbolé yìí ni a gbé ìyàwó sí, ibẹ̀ ni a sì bí ọmọ mẹ́fà sí. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni bi wá pé èló ni owó ilé. Bí ọmọ bá pọ̀ sí i, ẹní ni a ó tẹ́ sí i. Àwọn àgbà wa sì ti kọ́ wa pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tí ó bá ń ka ọmọ ọlọ́mọ kiri agbolé, ojú burúkú ni wọ́n fi ń wò ó.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012 ni ilé-kéwú kan ní Agége ránṣẹ́ pè wá pé kí a wá máa bá wọn kọ́ àwọn ọmọ. Agége kì í ṣe àjèjì létí ẹni tí ó bá kéwú ní Ìlọrin. Ta ni kò mọ̀ pé Abẹ́òkúta ni Ṣéù Adam Abdullah al-Ilori ti kọ́kọ́ dá Markaz sílẹ̀ ní ọdún 1952, kí ó tó gbé e wá sí Agége ní ọdún 1955? Nígbà tí a ń ka ìtàn náà ní kékeré, a rò pé kíkó láti ìlú kan lọ sí òmíràn kò ju kí ènìyàn di ẹrù rẹ̀ lọ. Ìgbà tí ó kàn wá ni a tó mọ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni a fi sùn nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. A ó to bẹ́ǹṣì mẹ́ta pọ̀ lálẹ́, a ó sì tú wọn ká kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àwọn ọmọ má baà mọ̀ pé orí bẹ́ǹṣì tí àwọn ń jókòó sí ni olùkọ́ àwọn ń sùn.

Ìgbà yẹn ni ìtàn Híjírà tí a ti ń kọ́ ọmọ fún ogún ọdún tó wọ̀ wá lára. Nígbà tí Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) dé Mọ̀dínà ní ọdún 622, kò ní ilé níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Abu Ayyub ni ó dé sí, ó sì gbé níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méje. Ìtàn sọ fún wa pé ìsàlẹ̀ ni Ànábì wà, Abu Ayyub àti ìyàwó rẹ̀ wà lókè. Ní òru ọjọ́ kan, ìkòkò omi wọn fọ́ lókè. Aṣọ ìbora kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni wọ́n fi nu omi náà, kí ó má baà kán sí Ànábì lára. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí sí, ti àwọn ọmọ òrukàn méjì kan ni, Sahl àti Suhayl. Wọ́n fẹ́ fi ta á lọ́rẹ, Ànábì kò gbà, àfi ìgbà tí wọ́n gba owó rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú èyí ni pé ẹni tí ó gbani sílé kì í ṣe ọ̀tá ẹni, ẹ̀tọ́ onílẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀tọ́, ìbáà ṣe ọmọ kékeré ni ó ni ín. A mọ ẹ̀kọ́ náà ní orí. Ẹ ó gbọ́ bí a ṣe lò ó.

Ọjọ́ Àlàmísì àti Jímọ̀ọ̀ tí ilé-kéwú ń sinmi ni a fi ń wá ilé. A ó rìn láti Pen Cinema dé Ìyànà-Ìpájà, a ó sì tún wọ ọkọ̀ dé Abúlé-Ẹ̀gbá àti Alágbàdo. Ọ̀dọ̀ ejẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan tí a bá dé, owó fọ́ọ̀mù ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà ni owó ẹsẹ̀. Ọ̀kan gba ₦5,000 lọ́wọ́ wa pé kí òun fi di yàrá kan mú. Ọjọ́ tí a padà débẹ̀, ènìyàn mẹ́rin ni a jọ pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì gbé olúkúlùkù wa wá. A ò rí ejẹ́ńtì náà mọ́ títí di òní. Ojú ni àlejò ní, kò fi ríran.

Níbi tí a bá ti rí onílé fúnra rẹ̀, ìbéèrè ni yóò tẹ̀lé e. Iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe? Ará ibo ni yín? Ẹ̀sìn wo ni ẹ ń ṣe? Ọmọ mélòó ni ẹ ní? Ilé kan wà tí wọ́n sọ fún wa pé àwọn kì í gba àáfà, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń wọ́ tọ àáfà wá lóru. Ní ibòmíràn, wọ́n rí fìlà àti irùngbọ̀n wa, wọ́n ní ilé ti lọ, pátákó tí wọ́n fi ń pe ayálégbé sì wà lára ògiri lẹ́yìn wọn. Kí ẹ má rò pé àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí nìkan ni ó ṣe é. Àlàájì kan wà tí a jọ kírun Àṣárì níwájú ilé rẹ̀. Nígbà tí a sálámà tán, ó ní owó ọdún méjì ni òun ń gbà, òun kò sì fẹ́ ju ọmọ méjì lọ nínú ilé òun.

Bẹ́ẹ̀ òfin wà. Òfin ilé gbígbé tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ayálégbé náà kò sì gbọdọ̀ san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta dè é. Ó tún sọ pé onílé gbọdọ̀ fún ayálégbé ní rìsíìtì. A mọ òfin náà, a tilẹ̀ sọ ọ́ fún onílé kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a lọ gbé inú òfin náà. Ẹni tí kò rí ibi sùn kò lè jókòó ṣe ẹjọ́.

Ìgbà tí ó rẹ̀ wá tán ni ejẹ́ńtì kan mú wa dé ilé kan lẹ́yìn Abúlé-Ẹ̀gbá. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni, ilé ìdáná dá wà, kànga wà lẹ́yìn ilé, àwa àti ayálégbé méjì mìíràn ni a ó sì jọ máa lo ṣaláńgá. A gbọ́ làdáánì Ṣùúrù ketekete bí a ti dúró nínú pálọ̀ náà. Màmá onílé jẹ́ opó, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ń lọ. ₦10,000 ni owó ilé lóṣù, owó ọdún kan pére ni ó sì ń gbà. Bí a bá fi kọ́míṣọ̀n ₦12,000 àti owó àgírímẹ́ńtì ₦12,000 kún un, gbogbo rẹ̀ di ₦144,000. ₦25,000 ni owó oṣù wa nígbà náà.

Ejẹ́ńtì fà wá sẹ́yìn kí a tó wọlé bá Màmá. Ó ní, "Àáfà, Màmá yìí kò le rárá. Ohun kan ṣoṣo ni. Wọn kì í fẹ́ ọmọ púpọ̀. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní mẹ́ta."

Màmá bi wá lóòótọ́. A ní, "Mẹ́ta ni, Màmá." Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu wa wẹ́rẹ́, bí ẹni pé a ti ń sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí ó burú jù nínú rẹ̀ fún yín. Ìmọ̀ tí a ní kò dá wa dúró, òun gan-an ni ó tì wá lẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n ń pè ní taoríyà, èyíinì ni kí ènìyàn tí ìnira bá sọ ọ̀rọ̀ oníìtumọ̀ méjì láti fi yọ ara rẹ̀. Bí a ti ń padà sí Agége ni a ń sọ fún ọkàn wa pé mẹ́ta náà ni a fẹ́ kó wá, pé àwọn mẹ́ta àgbà yóò ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá wa ní Ìlọrin, nítorí náà a kò purọ́. Ṣùgbọ́n Màmá kò bi wá pé mélòó ni ẹ fẹ́ kó wá. Mélòó ni ẹ ní ni ó bi wá.

A tẹ ìyá àwọn ọmọ láago pé a ti rí ilé. Ó yọ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tí a sọ ti ọmọ mẹ́ta fún un, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Àwọn wo ni mẹ́ta náà?" A kò rí èsì fún un. Síbẹ̀, ó ta aṣọ òfì tí ó ti hun sílẹ̀ de oníbàárà, ó fi ₦60,000 ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù àwọn olùkọ́ yá wa ní èyí tí ó kù láìsí èlé. Ní oṣù kìíní ọdún 2013 a gbé owó lọ fún Màmá. Ó mú ₦120,000 tirẹ̀, ó sì dì í sí etí ìró rẹ̀ láìkà á. Ó ní, "Owó àáfà, kí ni mo fẹ́ kà nínú rẹ̀?"

A wọlé. Inú wa dùn, a kò ní purọ́ ìyẹn. A sùn lórí ẹní nínú ilé tiwa, a sì jí kírun Àsùbáà pẹ̀lú àwọn ará ilé wa. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti dúró yí wa ká, ìsàlẹ̀ àpótí ni ó ń gbé. Bí ìpè bá ti Ìlọrin wọlé, ìyá wọn a wọ yàrá inú lọ kí ó tó dá àwọn ọmọ lóhùn. Ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fà á fún ẹkùn pa jẹ. Àwọn tiwa kò burú rárá, owó ilé ni a fi wọ́n dí.

Lẹ́yìn Ìtùnú Ààwẹ̀ ọdún 2013, tí ó bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, àwọn mẹ́ta àgbà wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Inú gárèéjì tí a ti lọ pàdé wọn ni a ti kìlọ̀ fún wọn pé, "Bí Màmá onílé bá bi yín, ẹ ní ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ni yín." Àkọ́bí wa, ọmọ ọdún márùndínlógún, ní, "Ó dára, Baba." Èyí obìnrin tí ó tẹ̀lé e, ọmọ ọdún méjìlá, kò sọ nǹkan kan.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Ìṣái, a ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n ti kọ́ sórí. Ọmọbìnrin yìí ka hádíìsì tí ó sọ̀rọ̀ lórí òtítọ́ àti irọ́, ibi tí òtítọ́ ń mú ẹni lọ àti ibi tí irọ́ ń mú ẹni lọ. Ó kà á láìṣì. A yìn ín. Ó wá kúnlẹ̀, ó ní, "Baba, ẹ dákun, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, bí wọ́n bá ń pe orúkọ wa mọ́ ti bàbá wa, ṣé tiyín ni kí n jẹ́ ni, àbí ti ẹ̀gbọ́n yín?"

Ọmọ náà kò ṣe àfojúdi. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Àwa tí a ti jókòó nínú tàfúsíírì Suratul Ahzab, tí a ti ṣàlàyé fún ènìyàn bí Ọlọ́run ti pa á láṣẹ pé kí a máa pe ọmọ mọ́ bàbá tí ó bí i, a kò rí ọ̀rọ̀ sọ fún ọmọ ọdún méjìlá. A ní kí wọ́n lọ sùn. Àwa kò sùn. Ìyá wọn kò bá wa wíjọ́. Ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ bá Màmá lọ́la."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì lọ bá Màmá nínú yàrá rẹ̀. A sọ ọ́ bí ó ti rí. A kò dá ejẹ́ńtì lẹ́bi, nítorí ẹnu wa ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Màmá dákẹ́ títí. Ó wá ní kí a pe àwọn ọmọ. Wọ́n wọlé, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀. Màmá kò kà wọ́n. Orúkọ ni ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù sì ń dárúkọ ara rẹ̀ mọ́ tiwa. Ó gbàdúrà fún wọn, ó ní kí wọ́n máa lọ ṣeré.

Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí wa. Ó ní, "Mo ti mọ̀. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kọ́ ni í ní irú ìkòkò ọbẹ̀ tí ìyàwó yín gbé wá. Mo ń wò yín ni. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé, ọmọ méjì ni ó ní òun bí, mẹ́jọ ni ó kó wọlé. Ṣaláńgá tí a ń kó ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ni a kó o ní ọdún kan. Kànga gbẹ. Àwọn yòókù ń bínú, àpò èmi opó ni owó ti ń jáde. Èmi náà bímọ márùn-ún, n kò kórìíra ọmọ. Kí n lè mọ iye tí n ó sọ ni mo fi ń béèrè. Bí ẹ bá ti sọ pé mẹ́fà ni, n bá fi ẹgbẹ̀rún kan kún un lóṣù, ẹ ò bá sì wọlé."

A bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò ní lé wa, kí a máa fi ₦1,000 náà kún un lóṣù láti ọdún tí ń bọ̀. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí kò tíì kúrò létí wa: "Àáfà ni yín. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá sọ pé ọ̀sán ni òru, n bá tan fìtílà. Báyìí, n kò mọ èyí tí n ó gbà mọ́."

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lọ́dọ̀ wa. Oṣù kìíní 2014, a gbé ₦132,000 lọ fún Màmá. Ó gbà á, ó fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó kà á ní ẹyọ-ẹyọ lójú wa. Ó tún un kà. Ó kọ rìsíìtì, ó ní ẹ ṣeun. Kò bú wa, kò rojú. Ní ọdún 2015, ó tún kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin ará, kò sí ìwàásù tí a ti jókòó gbọ́ rí tí ó le tó kíka owó yẹn. Owó náà pé, kò dín kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni ó ti dín.

Ní oṣù kìíní ọdún 2016, a tún gbé owó lọ. Àbíkẹ́yìn wa ni ó ń pọn omi sínú ìkòkò fún Màmá lọ́wọ́ nígbà tí a wọlé. Màmá gba owó, ó dì í sí etí ìró, ó sì ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lọ pé kí ó má da omi sílẹ̀. Kò kà á. A dúró díẹ̀ bóyá yóò rántí. Ó gbójú sókè, ó ní, "Àáfà, kí ló kù?" A ní kò kù nǹkan kan, Màmá. Ìgbà tí a dé yàrá, a wólẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń wá ilé, ẹ gbọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ sọ iye ọmọ yín, ẹ sọ iṣẹ́ yín, ẹ sọ ẹ̀sìn yín. Ilé tí wọn kò bá torí ìyẹn fún yín, kì í ṣe tiyín. Ẹ má san owó fún ejẹ́ńtì láìtíì rí onílé. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá jọ sọ sílẹ̀. Áyà tí ó gùn jù nínú Kùránì Alápọ̀nlé, inú Suratul Baqarah, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí sí i ni ó dá lé. Ẹ wo aládùúgbò kí ẹ tó wo ògiri, nítorí àwọn Lárúbáwá náà máa ń sọ pé aládùúgbò ni à ń wò ṣáájú ilé.

Ẹ̀yin onílé tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ẹ má fi ọmọ lé ọlọ́mọ lẹ́nu ọ̀nà. Bí omi ni ó ń kọ yín lóminú, ẹ sọ owó omi. Bí ṣaláńgá ni, ẹ sọ ọ́. Ẹni tí a bá sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún kò ní nílò irọ́. Opó tí kì í bá wa kírun ni ó kọ́ wa ní èyí.

Ẹ̀yin òbí, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí ọmọ bá kà sórí lọ́dọ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ó bá a lẹ́nu yín ní ọ̀nà mìíràn.

Kí Ọlọ́run Ọba fún gbogbo ẹni tí ń wá ilé ní ilé tí ọkàn yóò ti balẹ̀, kí Ó fún wa ní aládùúgbò rere, kí Ó sì ṣe àwa náà ní aládùúgbò rere fún ẹlòmíràn. Àmín.